Ẹ̀rọ Tó Wà Lára Marlena

Kò sí bí èèyàn ṣe lè wọ pálọ̀ Kang Odang kó má kọ́kọ́ bá akọ màlúù pàdé. Fọ́tò ni o, ẹ má sá. Fọ́tò ńlá, férémù aláwọ̀ wúrà, gíláàsì tí Kang Odang máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ nù láràárọ̀. Akọ màlúù náà ń jẹ́ Ọ̀gágun, ìlú òyìnbó ló sì ń gbé. Kang Odang ò fojú kàn án rí. Àwọn màlúù Kang Odang náà ò fojú kàn án rí. Àtọ̀ rẹ̀ nìkan ló wá sọ́dọ̀ wa, nínú páìpù kan tó tín-ín-rín bí igi ìgbálẹ̀, tí wọ́n fi yìnyín bò, tí ọkùnrin tó máa ń bá wa fún màlúù lóyún gbé gun òkè wá lórí ọ̀kadà.

Fọ́tò ìgbéyàwó Kang Odang àti Entin ìyàwó rẹ̀ wà nísàlẹ̀ Ọ̀gágun. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rí i, ẹ máa bẹ̀rẹ̀ díẹ̀.

"Kang, ta nìyí?" Bí àlejò ṣe máa ń bèèrè nìyẹn.

"Bàbá Marlena ni. Àna mi nìyẹn."

"Ìyá ìyàwó yín ńkọ́? Mi ò rí fọ́tò tiwọn."

"Ó wà ní kíṣìnì."

Marlena wàyí. Marlena ni màlúù tó sọ Kang Odang di èèyàn ńlá ní Cikaso, abúlé wa lókè Pangalengan níbí. Mo lè sọ ọ́ torí èmi Engkos ni mo ń gba wàrà gbogbo abúlé. Láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, oníkálukú á gbé agolo rẹ̀ wá sí ibùdó wàrà, màá ju nǹkan gíláàsì kan tó máa ń léfòó sínú ẹ̀. Tó bá léfòó dáadáa, wàrà ni. Tó bá rì, mo ti mọ̀ pé odò ti bá wàrà ṣe nǹkan pọ̀ lójú ọ̀nà. Màlúù tó bá fún èèyàn ní lítà méjìlá lójúmọ́, a máa ń kí ẹni tó ni ín. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a máa ń ṣí fìlà. Marlena ń fún Kang Odang ní méjìlélọ́gbọ̀n.

"Ọ̀gágun!" Kang Odang á ti máa kígbe kí agolo tó kanlẹ̀. "Ẹ̀ ń rí i? Ẹ̀jẹ̀ Ọ̀gágun ló ń sọ̀rọ̀ yẹn!"

Ṣùgbọ́n Marlena ní ìyá, ìyá yẹn náà sì ń bẹ nínú ilé ẹran kan náà, lápá òsì. Belang lorúkọ ẹ̀. Ìgbà tí Odang fẹ́ Entin ni ìyá Entin, Ambu Juju, mú Belang wá fún wọn pé kí wọ́n máa sìn ín. Ẹ mọ bá a ṣe ń sin màlúù ẹlòmíì lọ́dọ̀ wa: ọmọ àkọ́kọ́ jẹ́ ti ẹni tó ń sìn, ìkejì jẹ́ ti ẹni tó ni ìyá, ìkẹta tún jẹ́ ti ẹni tó ń sìn, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pín in lọ. Ọmọ ìkẹta ni Marlena, ìdí nìyẹn tí Kang Odang fi ni ín. Ìyá yẹn fúnra ẹ̀ ò kúrò lọ́wọ́ Ambu Juju láé. Koríko Odang ló ń jẹ, abẹ́ páànù Odang ló ń sùn, ṣùgbọ́n okùn ọrùn ẹ̀, ti Ambu ni.

Belang ti wá pé ọdún méjìlá. Ó ti pé ọdún méjì tó ti dákẹ́, kò sí wàrà, kò sí oyún. Iléyá sì ku ọ̀sẹ̀ méjì. Haji Uyun alápatà ti ń yí gbogbo òkè kiri, ó ń wá ẹran. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan báyìí ni Kang Odang wá gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ ní ibùdó wàrà, níwájú gbogbo ayé, torí ó rò pé Ambu ò ní lè bú òun láàárín èrò.

"Ambu, mo fẹ́ ká sọ̀rọ̀ Belang. Ó ti dàgbà. Ẹ wò ó, ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń wo ògiri. Kò ṣe nǹkan kan mọ́."

Ambu Juju ò tiẹ̀ gbójú sókè. Obìnrin kékeré ni, kò ju èjìká mi lọ, bala-bala gbígbóná, àkàrà ẹ̀fọ́ tiwa, ló ń jẹ lọ́wọ́. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu epo ọwọ́ ẹ̀.

"Ìwọ náà ń jẹun, o ń sùn, o ń wo fọ́tò."

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ẹ̀rín yẹn pọ̀ débi pé mo da wàrà ẹlòmíì sí bàtà mi.

"Ambu, mi ò ṣeré o! Haji Uyun ti ní òun máa mú un."

"Haji Uyun ò ní màlúù níbẹ̀. Èmi ni mo ni ín. Tó bá fẹ́ nǹkan tí kò wúlò mọ́, kó mú ọkọ ọmọ mi."

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ náà dúró sí o, títí tí Dókítà Wulan fi dé.

Ọmọbìnrin kan ni, ó wá láti yunifásítì ní Bogor, bàtà rọ́bà rẹ̀ gùn dé orúnkún. Ó ní òun fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ àti wàrà díẹ̀ lára màlúù mẹ́wàá ní Cikaso, àwọn tó ń fún wàrà gan-an àti àwọn tí kò fún tó bẹ́ẹ̀. A bèèrè pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Ó jókòó lórí agolo mi, ó ṣàlàyé fún wa bí ẹní ń bá àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ó ní gbogbo ara màlúù jẹ́ yàrá kéékèèké, yàrá tó kéré débi pé ojú ò lè rí i. Nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ wà níbẹ̀, ẹ̀rọ tín-íntìn-tín, ó lè tó ọgọ́rùn-ún, ó lè tó ẹgbẹ̀rún. Ó ní mitokọ́ńdríà ni wọ́n ń pè wọ́n, a ní kó jọ̀ọ́ kó máa pè wọ́n ní ẹ̀rọ.

"Oúnjẹ tí màlúù jẹ, atẹ́gùn tó fà sínú, àwọn ẹ̀rọ yìí ló ń sọ ọ́ di agbára," ó ní. "Ẹ sì mọ̀ pé wàrà ṣíṣe kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Màlúù tó ń fún wàrà ọgbọ̀n lítà, iṣẹ́ tí ara ẹ̀ ń ṣe ju ti ẹni tó ń sáré gun òkè látàárọ̀ ṣúlẹ̀ lọ."

"Tó sì dúró sójú kan!" Kang Odang ní.

"Tó sì dúró sójú kan. Ẹ̀rọ ló ń sáré nínú ẹ̀. Àwọn màlúù kan wà, tí ẹ̀rọ wọn máa ń mú agbára púpọ̀ jáde, èéfín díẹ̀. Àwọn míì wà, agbára díẹ̀, èéfín ló pọ̀, èéfín yẹn á tún wá máa ba ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ jẹ́."

Gbogbo wọn yíjú wo ọ̀kadà mi. Mi ò mọ ìdí ẹ̀.

Dókítà gba ẹ̀jẹ̀ Marlena. Bó ṣe fẹ́ kúrò nílé ẹran, Ambu Juju fà á lápá. "Ọmọ mi, ọmọ dáadáa, jọ̀ọ́, gba ti Belang náà." Dókítà rẹ́rìn-ín, ó gbà á. Ó ní òun á padà wá ní ọjọ́ kẹwàá, Ọjọ́bọ̀, láti wá sọ ohun tóun bá rí. Ó wọkọ̀, ó lọ.

Eruku ọkọ̀ ò tíì wálẹ̀ tí Kang Odang fi gun orí àga. "Ẹ gbọ́ ọ! Ẹ̀rọ ni! Ṣé mi ò ti ń sọ ọ́ látọjọ́ yìí? Ẹ̀rọ òyìnbó ló wà lára Marlena. Ọ̀gágun ló kó o wá!"

"Nínú páìpù kékeré yẹn?" Ambu bèèrè.

"Ẹ̀rọ tín-íntìn-tín ni Dókítà pè é, Ambu. Á gbà á!"

"Marlena lo oṣù mẹ́sàn-án nínú Belang. Ọ̀gágun lo ìṣẹ́jú mélòó?"

Ara Kang Odang ti ń gbóná, èrò ti pọ̀, ẹnu rẹ̀ sì ti ṣíwájú ẹ̀ lọ. "Ó dáa! Ẹ jẹ́ ká fi Dókítà ṣe adájọ́. Tó bá padà dé, tó bá ní ẹ̀rọ yẹn ti ọ̀dọ̀ Ọ̀gágun wá, Belang ń bá Haji Uyun lọ. Ẹ ò ní bá mi jà, ẹ ò ní sunkún."

"Tó bá ní ọ̀dọ̀ Belang ló ti wá ńkọ́?"

"Èmi fúnra mi, èmi Odang, màá máa sin Belang bí ìyá mi títí ọjọ́ tó bá kú. Ohunkóhun tó bá fẹ́, màá ṣe é."

Ambu Juju wo Belang láti ọ̀nà jíjìn, ó wo wá. Ojú ẹ̀ yí padà díẹ̀. Ẹ rántí pé kò mọ̀ o. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú wa. Màlúù kan ṣoṣo ló ní láyé, òun ló ń fi ta tẹ́tẹ́ yẹn.

"Engkos," ó ní, "ìwọ lẹlẹ́rìí."

"Mo gbọ́, Ambu."

Ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, Kang Odang ò ní ìsinmi, àwa náà ò sì ní. Bó bá pàdé ẹni tó ru koríko, á ní kó sọ koríko kalẹ̀, á ṣàlàyé ẹ̀rọ fún un. Ní ti Ambu Juju, ilé ẹran ló ń lọ láràárọ̀. Entin sọ fún mi pé ó máa ń fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nu ojú Belang, á wá fi ọwọ́ ara ẹ̀ fún un ní èèrí tófù, ìyẹn èèrí ẹ̀wà sóyà. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́. Ká sòótọ́, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù fún un, torí tẹ́ ẹ bá gbọ́ bí Kang Odang ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹ máa rò pé òun ló kó àwọn ẹ̀rọ yẹn síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́bọ̀ dé. Ibùdó kún fọ́fọ́. Àwọn tí kò ní màlúù rárá wá. Ẹnìkan tiẹ̀ gbé àga wá láti ilé.

Ohun tí a ò mọ̀ ni pé Haji Uyun náà ti dé lọ́jọ́ yẹn kan náà. Tírọ́ọ̀kù ẹ̀ ò lè wọ kọ̀rọ̀, ọ̀nà tóóró tí Kang Odang ń gbé, ó dúró nísàlẹ̀, létí títì àwọn oko tíì. Ó ní òun ò ní padà wá mọ́ kí Iléyá tó dé. Kí ni Kang Odang ṣe? Ọkàn ẹ̀ ti balẹ̀. Ó tú okùn Belang, ó fà á lé àwọn ọkùnrin Haji méjì lọ́wọ́. "Ẹ máa mú un lọ díẹ̀díẹ̀. Kẹ́ ẹ tó dé ìdí ọkọ̀, Dókítà á ti sọ̀rọ̀ tán." Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó wá bá wa ní ibùdó.

Dókítà Wulan dìde, ó mú ìwé dání.

"Nínú màlúù mẹ́wẹ̀ẹ̀wá," ó ní, "èyí tí ẹ̀rọ ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ jù ni Marlena. Agbára púpọ̀, èéfín díẹ̀. Mi ò tíì rí irú ẹ̀ lókè yìí."

Kang Odang jó. Ó jó yí agolo mi ká lẹ́ẹ̀mejì, ó bá mi bọ ọwọ́, ó bọ Dókítà lọ́wọ́, ó bọ ẹni tó gbé àga wá lọ́wọ́.

"Dókítà! Ẹ wá sọ fún wọn. Ẹ̀rọ dáadáa yẹn, ọ̀dọ̀ ta ló ti wá?"

"Ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀."

Ẹ̀yin èèyàn, mo gbọ́ ìró ìfófó tó ń fọ́ lórí wàrà.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Atẹ́gùn ń fẹ́."

"Ọ̀dọ̀ ìyá ẹ̀, Kang. Ẹ̀rọ yìí, ìyá nìkan ló máa ń fún ọmọ. Mo yẹ ti Belang náà wò, ọ̀kan náà ni. Tiẹ̀ ti dàgbà, ṣùgbọ́n kò tíì kọṣẹ́."

"Bàbá ńkọ́?"

"Bàbá kì í fún ọmọ ní ìkankan."

"Ìdajì?"

"Rárá."

"Dókítà, ẹ wò ó dáadáa. Ẹyọ kan péré, ní kọ̀rọ̀ kan, lẹ́yìn etí?"

"Kò sí."

Kang Odang mí sókè, ó mí sílẹ̀. "Kí wá ni Ọ̀gágun ṣe látọjọ́ yìí?"

Àánú ẹ̀ ṣe Dókítà, ẹ rí i lójú ẹ̀. "Ó kúkú ṣe tiẹ̀. Ìlànà tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ lé, tìyá tàbàbá ló jọ kọ ọ́. Bí ara màlúù ṣe rí náà, ó lọ́wọ́ sí i. Ẹsẹ̀ Marlena gùn dáadáa, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tiẹ̀ nìyẹn."

"Ẹsẹ̀!" Ambu Juju ló kígbe. Láti ọjọ́ mẹ́wàá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tá a gbọ́ ohùn ẹ̀ bó ṣe yẹ. "Odang! Láti ọdún márùn-ún lo ti ń nu gíláàsì ẹsẹ̀!"

Ibùdó dà rú. Obìnrin kan ní ẹ̀yìn nawọ́ sókè. "Dókítà, àwa èèyàn ńkọ́? Bákan náà ni?"

"Bákan náà ni. Ẹ̀rọ tó wà lára gbogbo wa, ọ̀dọ̀ ìyá wa ló ti wá."

Àwọn obìnrin pariwo, ẹ máa rò pé ìgbéyàwó ni. Entin yíjú sí ọkọ ẹ̀, ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ ọ́ o. "Kang, àwọn ọmọ wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀rọ tèmi ni wọ́n ń lò."

"Tìẹ nìkan kọ́," Ambu ní. "Èmi ni mo fún ẹ."

Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Èmi náà wo ilẹ̀. Ìyá ìyàwó mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá iná, ó ń wò mí.

Ambu wá nu ojú ẹ̀ pẹ̀lú etí gèlè. "Ẹ jẹ́ n lọ sọ fún Belang," ó ní. "Ẹ jẹ́ n lọ sọ fún un."

Ìgbà yẹn ni mo wo ojú Kang Odang. Ó ti funfun ju ṣẹ́ẹ̀tì ẹ̀ lọ.

"Odang," Ambu ní. "Belang dà?"

Eré ni Kang Odang sá. Ambu tẹ̀ lé e, Entin tẹ̀ lé Ambu, Dókítà tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú bàtà rọ́bà tó ń ṣe pọ̀kọ̀-pọ̀kọ̀. Mo fi nǹkan gíláàsì mi sílẹ̀ nínú agolo, mo bẹ́ sọ́nà. Gbogbo Cikaso ló ya sínú kọ̀rọ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan náà. Mò ń sáré, mò ń ronú pé ó ti tó wákàtí kan ààbọ̀, wọ́n á ti gbé e lọ, ó ti parí.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí irú màlúù tí à ń sìn. Màlúù tiwa kì í jáde. Ilẹ̀ ò sí, òkè ni gbogbo ẹ̀, oko tíì ló gba ìyókù, nítorí náà koríko la máa ń rù wá bá màlúù nínú ilé. Láti ọjọ́ tí Belang ti dé ọ̀dọ̀ Odang, kò rí nǹkan kan ju ògiri, ìdí Marlena, àti ojú Odang. Ọjọ́ yẹn ni wọ́n mú un jáde sínú ayé.

Ó rìn ogójì ìṣísẹ̀. Níbi tí kọ̀rọ̀ ti yà sápá ọ̀tún, tí òkè tíì ti yọ fìrì láàárín ilé méjì, ó wò ó. Ó sì jókòó.

Ibẹ̀ la bá a. Ó dí kọ̀rọ̀ pa, ọ̀kadà mẹ́ta dúró lápá ọ̀hún, méjì dúró lápá ibí. Àwọn ọkùnrin Haji méjì ti bọ́ ẹ̀wù, òógùn bo wọ́n. Haji Uyun fúnra ẹ̀ ti jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé onílé, ẹnìkan ti fún un ní tíì.

"Odang," ó ní, "irú màlúù wo lo tà fún mi yìí? A fà á, a tì í, a bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ń wòran."

Kang Odang ò tíì lè mí dáadáa. "Haji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Belang ò lọ mọ́."

"Kí ló ṣe é? Àìsàn?"

"Rárá. Ó... ó ní ẹ̀rọ."

Haji Uyun gbé ife kalẹ̀. Ó wo Belang. Ó wo abẹ́ Belang. "Ẹ̀rọ?"

"Nínú, Haji. Kò hàn síta."

"Odang, mo ti ṣèlérí ẹran kan fún àwọn èèyàn nísàlẹ̀. Kí ni màá wá gbé fún wọn?"

"Ẹ gbé Odang!" ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn. Mi ò mọ̀ bóyá èmi ni.

Haji wò ó látòkè délẹ̀, bí alápatà ṣe ń wo ẹran. "Kò sanra tó," ó ní. Ó bínú, ó pe àwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀, ó ní òun ò ní gba kọ̀rọ̀ yìí kọjá mọ́ láyé òun. Ó mu tíì ẹ̀ tán kó tó lọ ṣá.

Ambu Juju ti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Belang, ó gbé ọwọ́ lé e lọ́rùn, ó ń sọ nǹkan sí i létí. A ò gbọ́ ohun tó sọ. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ó gbójú sókè.

"Odang. Mú un lọ sílé."

Odang fa okùn. Belang ò mira. Ó ti ìdí ẹ̀, ó gbé èjìká tì í, ṣẹ́ẹ̀tì funfun ti di nǹkan míì. Ó sáré lọ bu èèrí tófù wá, ó gbé e sí i nímú. Belang yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí abọ́ yẹn má baà dí i lójú.

"Bẹ̀ ẹ́," Ambu ní.

"Ambu, màlúù ni."

"Mo mọ̀ pé màlúù ni. Bẹ̀ ẹ́."

Kang Odang lósòó sínú ẹrẹ̀. "Belang. Ẹ jọ̀ọ́. Mo ṣẹ̀ yín."

"Kí lo ṣe?"

"Mo ní ẹ ò wúlò mọ́. Mo fà yín lé Haji lọ́wọ́ kí Dókítà tó sọ̀rọ̀." Ó wo ẹ̀yìn, ó rí i pé gbogbo wa ń gbọ́, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀rọ yín dáa gan-an."

Belang fi ìrù lé eṣinṣin.

"Kò fẹ́ wọlé," Dókítà Wulan ní. "Ó fẹ́ lọ síwájú."

Ohun tó sì fẹ́ gan-an nìyẹn. Bí Odang ṣe yí okùn síhà òkè, Belang dìde wẹ́rẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bí ìyàwó tó ń lọ kí ẹbí. Odang ní láti mú un gòkè dé ibi tí oko tíì ti bẹ̀rẹ̀. Ó dúró níbẹ̀, ó wo ìran ẹ̀ tẹ́rùn, ìgbà tó wù ú ló yíjú padà sílé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, aago márùn-ún, Belang bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ó ké débi pé wàrà Marlena fi lítà mẹ́rin dín kù. Odang sáré bá Ambu. Ambu ní, "Ohunkóhun tó bá fẹ́ lo wí. Engkos gbọ́." Mo ní mo gbọ́.

Láti ìgbà náà, lójoojúmọ́, bí mo bá ń kó agolo jọ ní ibùdó, mo máa ń rí ọkùnrin kan tó ń mú màlúù ìyá ìyàwó ẹ̀ gbafẹ́ lọ sókè. Kò ṣeé kánjú fún. Bó bá fa okùn jù, ó máa jókòó. Àná ni òjò wá dé bá wọn lójú ọ̀nà, òjò òkè wa tó máa ń tutù wọ egungun, agboòrùn kan ṣoṣo ló sì wà lọ́wọ́ Kang Odang. Mo dúró lábẹ́ páànù, mo ń wò wọ́n bọ̀. Omi ń ṣàn láti orí ẹ̀ dé bàtà. Agboòrùn wà lórí Belang.

Ambu Juju wà lẹ́nu ọ̀nà, ife tíì gbígbóná lọ́wọ́ ẹ̀.

"Odang!" ó kígbe. "Gbé e sẹ́yìn díẹ̀! Ìdí ẹ̀ ń tutù!"